Ìyá Kòkòrò àti Ata Olórí Kunkun

Gbogbo ayé ló ń wá bí kòkòrò yóò ṣe kú. Iṣẹ́ obìnrin kan sì ni pé kí kòkòrò má kú. Níbi iṣẹ́ tí wọ́n ti ń wá irúgbìn ata tí kòkòrò kò ní lè jẹ, òun ló ń sin àwọn kòkòrò funfun tín-tìn-tín tí ń fa omi ara ewé, kí wọ́n lè máa fi dán ata wò. Ìyá Kòkòrò ni wọ́n ń pè é, tẹ̀rín-tẹ̀rín ló sì fi ń jẹ́ ẹ. Ọkọ rẹ̀, àgbẹ̀ ata, nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Kòkòrò yìí kan náà ló ń run oko rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan ni ọ̀gá wọn gbé ata tuntun dé. Ewé rẹ̀ le, ó sì nírun.

"Tí kòkòrò bá kú sórí eléyìí, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Àá pín irúgbìn fáwọn àgbẹ̀, àá sì ti ilé kòkòrò pa."

"Ẹ kú iṣẹ́, sà," ni Ìyá Kòkòrò wí. Ó bi ara rẹ̀ léèrè: Tí wọ́n bá ti ilé kòkòrò pa, ibo ni ìyá wọn fẹ́ gbà?

Wọ́n kó kòkòrò sórí ata tuntun náà. Lọ́jọ́ kẹta, ó yọjú wo àwọn ọmọ rẹ̀ wọ̀nyí nínú àpótí onínẹ́ẹ̀tì. Ebi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n tán. Wọn ò tilẹ̀ yé ẹyin mọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń já ewé ata rírọ̀, tó ń fi pamọ́ sábẹ́ ewé líle láràárọ̀ kí ọ̀gá tó dé. Ó ń tu ara rẹ̀ nínú pé kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́ jàre ẹ̀fọ́, ìwọ̀n lewéko ń dára mọ. Àwọn kòkòrò yó, wọ́n sì bímọ.

Ọ̀gá yọ jígí ojú, ó nù ún, ó tún wò. Ojú kò tì í pé ata rẹ̀ kò pa wọ́n: ó ní òun ti ṣàwárí kòkòrò alágídí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n kọ́ ilé kòkòrò kejì, wọ́n sì fi Ìyá Kòkòrò ṣe olórí ibẹ̀.

Ó sáré délé lọ ròyìn. Ọkọ rẹ̀ ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ẹrẹ̀ oko wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ìyá àwọn ọmọ, irúgbìn wa ńkọ́?"

"Wọn ò ní pín in mọ́. Àwọn kòkòrò náà ò kú."

"Lórí ewé tó le tó yẹn? Kí ni wọ́n wá ń jẹ?" Ó mi orí. "Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà. Ẹ wò ó dáadáa, ẹnì kan nínú yín ló ń bọ́ wọn."

 Ìyá Kòkòrò wọlé, ó gbé ọbẹ̀ kaná, ó sì ké sí ọkọ rẹ̀ níta pé kó má bínú, ata ti tán nílé.