Ààrò Ọṣẹ Ìyá Mi àti Àwọn Ará Etí Òkun

Òṣogbo kò ní òkun. Mo fẹ́ kí èyí yé wa kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ, nítorí pé ìgbì òkun ló wà lára báńà tí wọ́n so sí ẹnu ọ̀nà àdúgbò wa, pẹ̀lú igi àgbọn méjì àti ẹyẹ funfun kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rí rí. Àwọn tó ṣètò àpèjọ náà ti ṣe irú rẹ̀ ní ìlú kan létí òkun, wọ́n ní ó dùn. Nígbà tí wọ́n ń gbé e bọ̀ sọ́dọ̀ wa, ńṣe ni wọ́n ká a bí ẹní, tí wọ́n sì tún tẹ́ ẹ bó ṣe wà. Bàbá tó ń hun agbọ̀n ní ojúlé kejì sí wa dúró, wọ́n wo báńà náà títí, wọ́n ní, "Odò wa ti di òkun, ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún wa."

Àpèjọ nípa ìgbé-ayé tí kò ba ayé jẹ́ ni. Iṣẹ́ ọwọ́ yóò wà níbẹ̀, oúnjẹ ìbílẹ̀ yóò wà níbẹ̀, wọn yóò kọ́ wa bí a ṣe ń kó ìdọ̀tí, àwọn ọmọ ilé-ìwé yóò sì jó. N kò lòdì sí ọ̀kankan nínú wọn. Èmi náà lọ sí yunifásítì, mo sì kọ ìwé gbọọrọ kan lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, tí ẹnikẹ́ni kò kà, títí kan ẹni tó fún mi ní máàkì. Ibi tí wọ́n fẹ́ lò ni ọ̀rọ̀ wà: abẹ́ igi ọ̀dán iwájú ilé wa, níbi tí ìyá mi ti ń se ọṣẹ dúdú láti ìgbà tí bàbá mi ti fẹ́ wọn wá láti Iléṣà.

Oko kòkó ni wọ́n bí ìyá mi sí. Bí wọ́n bá ti já kòkó tán lábúlé, tí wọ́n ti kó hóró inú rẹ̀, àwọn ẹbí a máa di èèpo rẹ̀ sínú àpò, wọn a fi ránṣẹ́ sí wọn. Ohun tí ó yẹ kó jẹrà lóko ni ìyá mi ń sá sóòrùn, tí wọ́n ń sun, tí wọ́n ń kó eérú rẹ̀ sínú àjẹrẹ, ìkòkò tí ìdí rẹ̀ ní ihò, tí wọ́n ń da omi lé lórí kí ó máa ro díẹ̀díẹ̀. Omi eérú yẹn àti àdín ni wọ́n ń sè pọ̀ títí yóò fi di ọṣẹ. Gbogbo àdúgbò ló mọ òfin ibẹ̀: ẹni tó bá mú eérú ààrò rẹ̀ wá yóò mú ọṣẹ lọ. Bí ọjọ́ ọṣẹ bá pé, àwọn obìnrin á gbé abọ́ eérú wá, wọn á jókòó sábẹ́ igi, wọn á sì sọ̀rọ̀ gbogbo ẹni tí kò bá wá.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ ìyá mi di ère níwájú mi o. Ọṣẹ oníyẹ̀fun inú ọ̀rá ni àwọn fúnra wọn fi ń fọ aṣọ. Nígbà tí mo bi wọ́n léèrè, wọ́n ní, "Torí pé mo ń se ọṣẹ, n ò gbọdọ̀ sinmi?"

Alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò ni wọ́n rán sí ìyá mi. Bẹ́ǹṣì kan náà ni èmi àti alága jọ jókòó lé ní ilé-ìwé. Fìlà kan tí wọ́n ya ewé tútù sí níwájú ló dé wá, ó sì ń fi ọwọ́ kàn án léraléra, bí ẹni tí kò tíì dá a lójú pé tòun ni.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ọ̀rọ̀ ààrò yìí ni. Àwọn àlejò wa ò fẹ́ èéfín níbi àpèjọ náà."

"Àpèjọ kí ni?"

"Ti iṣẹ́ ọwọ́ ni, Màmá. Ti ìbílẹ̀, ti àyíká, nǹkan báyẹn."

"Kí ni wọ́n wá fẹ́ fi abẹ́ igi ṣe?"

"Wọ́n á fi íńtálọ́ọ̀kì tẹ́ gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀. Wọ́n á wá gbé pátákó ńlá kan dúró, tó ní àwòrán obìnrin tó ń se ọṣẹ."

Ìyá mi wò ó. "Wọ́n á lé mi kúrò, wọ́n á wá gbé àwòrán mi síbẹ̀."

"Kì í ṣe àwòrán tiyín, Màmá. Ti ẹlòmíràn ni."

Ó ní ẹ̀yìn ààtàn ni wọ́n fẹ́ kí ìyá mi kó ààrò wọn lọ, àti pé kò sí ẹni tí yóò tún dá iná lórí íńtálọ́ọ̀kì mọ́, àpèjọ ìbáà parí. Gbogbo wa mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Kò sí obìnrin tí yóò gbé abọ́ eérú lọ sí ẹ̀yìn ààtàn. Bí ìyá mi bá kúrò lábẹ́ igi yẹn, ọṣẹ ti parí nìyẹn.

Mo kọ ìwé ẹ̀hónú kan. Ó kún fún gírámà, mo sì kà á sí ìyá mi létí pẹ̀lú ohùn tí mo rò pé ó bá a mu. Wọ́n ní ó dára gan-an. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ íńtálọ́ọ̀kì yóò dé, mo rí i pé ìwé náà ni wọ́n fi dá iná.

Ìkòkò ọṣẹ ti wà lórí iná yẹn kí ẹnikẹ́ni tó dé. N kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ìyá mi mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, n kò sì lè búra pé wọn kò mọ̀ọ́mọ̀. Ẹni tó bá ti gbé ọṣẹ kaná kì í sọ̀ ọ́ láìdì, torí pé bó bá tutù láàárín, ó bàjẹ́ nìyẹn. Ọmọbìnrin kan tó fi káàdì oníke kọ́ ọrùn, tó sì mú omi inú ọ̀rá lọ́wọ́, bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò àwọn àlejò tó wá wo ibẹ̀ ṣáájú àpèjọ. Ó kúnlẹ̀, n kò lè parọ́ mọ́ ọn.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, èéfín yìí ò dáa fún àyíká."

"Àyíká ta ni, ọmọ mi?"

"Ti gbogbo wa ni, mà."

"Èmi náà wà nínú gbogbo wa?"

Ọmọbìnrin náà wo alága. Alága wo ọkọ̀. Ibẹ̀ ni alága, ọ̀rẹ́ mi, ti ṣe àṣìṣe tí ọmọ Òṣogbo kò gbọdọ̀ ṣe sí Ìjẹ̀ṣà. Ó ní, "Màmá, ẹ dúró dè wá níbí ná. A fẹ́ lọ fikùn lukùn, a ń bọ̀."

Òṣómàáló ni bàbá ìyá mi. Wọ́n kiri aṣọ dé òkè Ọya. Bí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà oníbàárà tó jẹ wọ́n lówó, wọ́n á lóṣòó síbẹ̀, wọn ò ní jókòó, wọn ò ní jẹun, wọn ò sì ní dìde títí ohun tí wọ́n bá wá yóò fi tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Àwọn ará Òṣogbo ti fi èyí ṣẹ̀fẹ̀ títí wọ́n fi gbàgbé pé òótọ́ ni. Ìyá mi ká ìró wọn sókè díẹ̀, wọ́n sì lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Mo sáré gbé àga wá.

"Gbé e padà," ni wọ́n wí. "Ẹni tó bá jókòó, wọ́n lè ní kó dìde."

Wọ́n na ọmọrogùn sí mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọṣẹ. Èéfín gba ojú mi. Bàbá alágbọ̀n gbé abọ́ eérú tiwọn dé, wọ́n wo ìyá mi, wọn kò béèrè nǹkan kan, wọ́n sì lóṣòó pẹ̀lú eékún tó ń dún. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í dé níkọ̀ọ̀kan. Ẹni tó mú eérú wá kò gbọdọ̀ lọ láìmú ọṣẹ, nítorí náà wọ́n lóṣòó. Nígbà tó ṣe, wọ́n ti yí ààrò ká. Awakọ̀ íńtálọ́ọ̀kì pa ẹ́ńjìnì, ó ra ẹ̀wà, ó jókòó sórí táyà láti máa wòran.

Àwọn àlejò rò pé ara ètò ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò. Ọkùnrin tó mú máìkì dání kígbe pé, "Ẹ wá wo àṣà wa bó ṣe wà láàyè!"

Ìyá mi kò wo ẹ̀yìn. "Ẹ bá mi sọ fún un pé n ò sí nínú ètò wọn. Ẹni tó bá fẹ́ wo ọṣẹ, kó wá rò ó."

Kò sí ẹni tó wá rò ó. Wọ́n ní aṣọ àwọn funfun.

Alága padà dé lẹ́yìn tí oòrùn ti kan àtàrí, fìlà rẹ̀ ti wà lápò. "Màmá, ẹ ṣì wà níbí?"

"O ní kí n dúró dè ọ́."

"Màmá, ẹ ṣàánú mi. Ọkọ̀ yìí gbọ́dọ̀ da íńtálọ́ọ̀kì sílẹ̀ lónìí."

"Kó dà á. Ṣé mo dí i lọ́nà ni?"

Alága yíjú sí àwọn yòókù láti bẹ̀ wọ́n. Ìyá tirẹ̀ ló lóṣòó sí ìlà kejì, abọ́ eérú lórí orúnkún. Wọ́n wò ó látòkè délẹ̀ bí ìyá ṣe ń wo ọmọ tó pẹ́ délé.

"Ṣé o ti jẹun?" ni wọ́n bi í.

"Rárá, mà."

"Sọ fún àwọn èèyàn rẹ kí wọ́n gba ẹ̀gbẹ́. Àbí orí èmi ni wọ́n fẹ́ tò ó sí?"

Ó lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ tó bá ọkọ̀ wá. A kò gbọ́ ohun tó sọ, ṣùgbọ́n a rí ọwọ́ rẹ̀ tó ń ya òbìrìkìtì nínú afẹ́fẹ́. Wọ́n to íńtálọ́ọ̀kì láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà wá, wọ́n tò ó yí àwọn àgbà tó lóṣòó ká, wọ́n sì dúró níbẹ̀. Ìyá mi kò dìde títí ọṣẹ fi dì, tí wọ́n sì fi ewé eéran pọ́n tiwọn fún gbogbo ẹni tó mú eérú wá.

Bí ẹ bá dé àdúgbò wa lónìí, ẹ ó rí i: ilẹ̀ tó ń dán, tí ihò ńlá kan wà láàárín rẹ̀, tí ààrò sì wà nínú ihò náà. Pátákó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Obìnrin inú àwòrán ń rẹ́rìn-ín. Èéfín ti sọ ojú rẹ̀ di dúdú, kò sì jọ pé inú rẹ̀ kò dùn sí i.

Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ti wá gba ọkùnrin kan pé kó máa gbá eérú tí atẹ́gùn ń fẹ́ sórí íńtálọ́ọ̀kì. Ní òwúrọ̀ tó kọ́kọ́ wá, ó gbá a tán, ó kó o sínú ọ̀rá, ó ń gbé e lọ sí ààtàn. Ìyá mi pè é padà.

"Eérú mi nìyẹn."

"Ìdọ̀tí ni, Màmá. Wọ́n ní kí n kó o."

"Kó o wá síbí."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun ń bọ̀, kí wọ́n dúró de òun. Mo rí ìyá mi tí wọ́n ń ká ìró wọn sókè. Mo yára sọ fún ọkùnrin náà pé kó má wulẹ̀ lọ.