Orogún Tó Ń Mu Epo

Kò sẹ́ni tó ń fi orúkọ àbísọ pe ọkọ àbúrò mi ládùúgbò wa. Lítà Mélòó ni gbogbo ayé ń pè é. Ọ́fíìsì ìṣirò ìpínlẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pé kó dúró nílé epo, kó máa bi àwọn onímọ́tò ní ìbéèrè: lítà mélòó lẹ rà lónìí, èló lẹ ń ná sórí epo lọ́sẹ̀? Bí ọdún bá parí, yóò kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, yóò pín in, ìjọba á sì kéde iye owó epo tí mọ́tò kan ń jẹ lọ́dún ní ìpínlẹ̀ wa. Láti ọdún méjìdínlógún tó ti ń ṣe é, kò fi ẹyọ kan lé e rí, kò sì yọ ẹyọ kan kúrò. Bó bá ra búrẹ́dì, tí wọ́n fún un ní ṣẹ́ńjì tó pọ̀ jù, ì báà jẹ́ inú òjò, yóò padà lọ dá a. Èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n ó máa ń súni.

Ó ní mọ́tò tirẹ̀ náà, aláwọ̀ ewé kan báyìí. Ẹni mẹ́ta ti lò ó kó tó kàn án. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá òsì kì í ṣí àfi téèyàn bá gbá a lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ni mo máa ń jókòó síbẹ̀, nítorí yàrá ẹ̀yìn ilé wọn ni mo ń gbé látìgbà tí ọkọ mi ti kú. Láàárọ̀, yóò kọ́kọ́ já àbúrò mi sí ọsibítù tó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, yóò já èmi sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi, kó tó forí lé ọ́fíìsì. Ní gbogbo Sátidé, yóò bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, yóò fọ mọ́tò náà látòkè délẹ̀, yóò tún fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó ha abẹ́ fèrèsé rẹ̀. Àbúrò mi á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ẹ rọra fọ ẹ̀yìn orogún mi o, kí òtútù má lọ mú un." Ó ní ọdún kẹtàlélógún rèé tóun ti wọlé ọkọ, ẹnikẹ́ni ò ha ẹ̀yìn òun rí.

Ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ lọ́jọ́ Àìkú kan níbẹ̀rẹ̀ ọdún. À ń ti ọ̀dọ̀ ìyá wa bọ̀ ni epo tán lójú ọ̀nà. Àbúrò mi bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú bàtà gogoro tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, èmi olórúnkún dídùn náà bọ́ sílẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í ti mọ́tò. Lítà Mélòó jókòó sídìí ọkọ̀, ó ń kígbe pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi!" Ká tó dé ilé epo, gìgísẹ̀ bàtà kan ti dá.

Àbúrò mi gbé bàtà náà dání. "Olówó orí mi," ó ní, "ṣebí ọ́fíìsì yín ló ń ṣírò iye tí mọ́tò ń jẹ lọ́dún?"

"Àwa ni."

"Ó dáa. Bí ọdún bá parí, tí iye tí orogún mi jẹ bá ju èyí tẹ́ ẹ kéde lọ, ẹ máa tà á. Bí kò bá jù ú, ẹ ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ epo lẹ́nu mi mọ́ láyé. Ẹ̀gbọ́n mi ni ẹlẹ́rìí."

"Mo gbà," ni ọkọ wí.

Ẹnikẹ́ni ò bi ẹlẹ́rìí bóyá òun fara mọ́ ọn. Bọ́ọ̀sì méjì ni láti ilé dé ṣọ́ọ̀bù mi.

Ọjọ́ kan tí ẹ̀rọ ìránṣọ mi bàjẹ́, mo tẹ̀ lé Lítà Mélòó lọ sílé epo. Ẹ wá gbọ́ irọ́! Ọkùnrin kan tí ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà lòun ń rà lọ́sẹ̀. Bí ìyàwó ti yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan báyìí, ó na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sókè. Dírẹ́bà iléeṣẹ́ kan ní ogójì ẹgbẹ̀rún ni, ó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n bá òun kọ ọ́ sí bébà tó ní òǹtẹ̀, kóun lè fi han ọ̀gá. Ìyá àgbàlagbà kan ní òun ò mọ iye epo, ọmọ òun ló ń rà á, ká lọ bi í. Mo béèrè ibi tí ọmọ náà wà. Ó ní òkè òkun. Lítà Mélòó ò bínú sí ẹnì kankan. Ó ń padà lọ bá wọn lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, títí òótọ́ á fi jáde, tí wọ́n á sì buwọ́ lu bébà.

Nígbà tí ọdún parí, ó kó bébà igba jọ sórí tábìlì ìjẹun lọ́sàn-án Sátidé kan. Àbúrò mi wà níbi iṣẹ́. Mo gbé aṣọ tí mò ń ṣẹ́tí rẹ̀ jókòó tì í, mò ń ṣe bí ẹni tí kò wò. A ti mọ iye tí mọ́tò tirẹ̀ jẹ: ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta ó lé mẹ́rin. Ó ṣírò ti ìpínlẹ̀, ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, ó wá gbé pẹ́ńsù sílẹ̀.

"Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta ó dín mẹ́ta," ló wí. "Tiwa fi ẹgbẹ̀rún méje jù ú."

"Ẹgbẹ̀rún méje! Owó yẹn ò mà tó epo ọ̀sẹ̀ kan."

Mo wá rí bébà kan tó dá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ti agbaṣẹ́ṣe kan tó ní jíípù ńlá ni: mílíọ̀nù méjì lé igba ẹgbẹ̀rún lọ́dún.

"Èyí ńkọ́?"

"Kò buwọ́ lù ú. Kò lè wọ inú ìṣirò."

"Bó bá wọ̀ ọ́ ńkọ́?"

Ó ti ṣírò ìyẹn náà, mo rí i lójú rẹ̀. "Ti ìpínlẹ̀ á di ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta ó lé márùn-ún. Mọ́tò á yè."

"Gbé bírò wá, jẹ́ n bá agbaṣẹ́ṣe buwọ́ lù ú. Ta ni yóò mọ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n, èmi á mọ̀." Ó mú bírò pupa, ó kọ KÒ WÚLÒ gàdàgbà sórí bébà náà, ó fi í sínú fáìlì. Inú bí mi débi pé mo fi abẹ́rẹ́ gún ara mi níka.

Àbúrò mi ò tíì gbé báàgì sílẹ̀ tán nírọ̀lẹ́ tí ọkọ rẹ̀ fi sọ fún un. "A fi ẹgbẹ̀rún méje jù ú. Màá wá ẹni tó máa rà á."

"Ó dáa," ni àbúrò mi wí, ó sì wọ kíṣìnì lọ. Mo tẹ̀ lé e. Àwo tí mo ti fọ̀ ló tún ń fọ̀, omijé sì ń bọ́ sínú rẹ̀.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́kún? Orogún rẹ ń kó jáde!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo fún ọkùnrin yìí níṣu, mo fún un lọ́bẹ. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ìṣirò! Ta ló ń pàdánù irú ìyẹn?"

"O fẹ́ kó parọ́ ni?"

"Kékeré ni mo fẹ́ kó pa. Kí mọ́tò wà nílẹ̀, kí n sì rí nǹkan fi máa yọ ọ́ lẹ́nu."

"Lọ sọ fún un pé kó má tà á mọ́."

Ó nu ojú rẹ̀ nù. "Kí n kó ọ̀rọ̀ mi jẹ? Láéláé."

Mo lọ bá ọkọ ní pálọ̀, mo ní kó bẹ ìyàwó rẹ̀. Ó ní òun ti gbà níwájú ẹlẹ́rìí. Mo ní èmi ni ẹlẹ́rìí ọ̀hún, mo sì ti yọwọ́. Ọlọ́run mọ ohun tó ń ṣe tó fi so olóríkunkun méjì pọ̀, kí wọ́n má bàa ba ilé méjì jẹ́.

Olùkọ́ kan ló ra mọ́tò náà. Lọ́jọ́ tó wá gbé e, Lítà Mélòó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbá ilẹ̀kùn. Àbúrò mi ní kó máa mú sùúrù fún orogún òun láàárọ̀, pé kì í tètè jí. Wọ́n dúró sójú títì títí mọ́tò fi ṣẹ́ kọ́nà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, àwa mẹ́ta tò sí ibùdókọ̀. Bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ kún, ó kọjá. Ìkejì náà kọjá. Àbúrò mi ò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Ẹgbẹ̀rún méje," ó ní. "Olówó orí mi, ẹ ò lè torí mi parọ́ ẹgbẹ̀rún méje?"

Mo rò pé yóò bínú. Kò bínú. "Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ máa ń pe ọ́fíìsì ọkọ wọn láti mọ̀ bóyá ó wà níbẹ̀," ló wí. "Láti ọdún mẹ́tàlélógún, ìwọ ò pè rí. Bí mo bá ní ibi báyìí ni mo lọ, ó parí. Ṣé kí n ta ìyẹn ní ẹgbẹ̀rún méje?"

Àbúrò mi, tí ẹnu rẹ̀ kì í gbófo, kàn na báàgì rẹ̀ sí i, ọkọ rẹ̀ gbà á, ó gbé e kọ́ èjìká. Nígbà tí bọ́ọ̀sì kẹta dé, àyè ẹnì kan ló kù níbẹ̀, wọ́n sì ti èmi wọlé. Mo yọjú lójú fèrèsé. Wọ́n ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ, àbúrò mi sì ti di apá rẹ̀ mú, bẹ́ẹ̀ ló ń bá a jà lọ.