Igi Méjì Nínú Ìgò Kan

Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 1984, sájẹ́ńtì kan tó ń dá ọkọ̀ dúró ní Morogbo gbé ìgò òróró àgbọn sókè sí oòrùn, ó sì dorí rẹ̀ kodò. Ìdí ìgò náà ló ń wò. Èdè Faransé ni lẹ́tà tí wọ́n ṣe sí ara dígí níbẹ̀.

"Mámà, ẹ ní ẹ̀yin lẹ ṣe òróró yìí?"

"Èmi ni, ọ̀gá."

"Ìgò Kutonu, òróró Àgbádárìgì."

"Ìgò tí wọ́n ti mu ohun inú rẹ̀ tán là ń rà, ọ̀gá. Gbogbo àwa tí à ń fún òróró là ń lò ó. Ibo la ti fẹ́ rí òmíràn?"

Sájẹ́ńtì náà gbé ìgò kalẹ̀. Láti oṣù kẹrin ni ìjọba ológun ti ti ẹnubodè, ohunkóhun tó bá sì ń ti ọ̀nà Àgbádárìgì bọ̀ ni wọ́n ń pè ní fàyàwọ́ títí ẹni tó ni ín yóò fi sọ ohun tó yàtọ̀, tí wọn yóò sì gbà á gbọ́. Ó ní kí wọ́n já àpótí méjèèjìlá tí Hùmúàní Akíndé kó sẹ́yìn ọkọ̀ sílẹ̀, kí wọ́n gbé wọn sí abẹ́ páànù níbi tí wọ́n ń kó ẹrù tí wọ́n gbà sí.

"Ẹni tó ń ṣe ọjà máa ń fi àmì sára ọjà rẹ̀," ni ó wí. "Èyí kò lámì, kò lórúkọ. Ẹ mú ẹ̀rí wá kí oòrùn tó kan àtàrí lọ́jọ́ Sátidé. Ìgbà yẹn ni lọ́rì máa wá kó gbogbo eléyìí lọ sí Èkó."

Opó ni Hùmúàní, ó ti lé díẹ̀ ní ọdún márùndínláàádọ́ta. Iṣẹ́ oṣù méjì gbáko ló wà nínú àpótí wọ̀nyẹn: àgbọn tó fọwọ́ ara rẹ̀ fọ́, tó rin, tó fún, tó sì sè lórí iná títí omi fi gbẹ kúrò lára òróró. Obìnrin kan tó ń ṣe ìpara ní Ojo ló ń retí rẹ̀, ó sì ti ránṣẹ́ pé bí kò bá rí i títí Sátidé, òun á gba ti ẹlòmíràn. Èyí tó tún burú ni ohun tí awakọ̀ sọ bó ṣe ń gun ọkọ̀ rẹ̀ padà.

"Ìyá Jàmíù, ẹ má bínú. Bí wọ́n bá fi kó o lọ, mi ò ní lè gbé ẹrù yín mọ́. Kò sí awakọ̀ tó máa gbé e."

Kò padà sílé. Ó bá ọkọ̀ náà lọ sí Ijanikin, ó sì lọ kan ilẹ̀kùn Adédìran.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Adédìran, ọ̀dọ́kùnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama ní iṣẹ́ ọnà. Lẹ́yìn iṣẹ́ ìjọba, ó máa ń ya àmì fún àwọn oníṣòwò, ó sì máa ń tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé pẹ̀lú férémù onígi tó na aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́. Yóò fi bíléèdì gé àwòrán jáde lára ìwé, yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ náà, yóò sì fi rọ́bà fa tàdáwà kọjá lórí rẹ̀. Òun ló ṣe àmì tó wà lára àpò búrẹ́dì tí wọ́n ń jẹ ní gbogbo àdúgbò náà.

Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ obìnrin náà tán, ó mi orí.

"Ìyá, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì lẹ fẹ́ kí n ṣe lọ́jọ́ méjì yìí. Mo máa ń ya mẹ́ta, ẹ ó mú ọ̀kan, ẹ ó ní kí n tún ibí ṣe, kí n tún ọ̀hún ṣe."

"Ẹ ya ẹyọ kan. Mi ò ní ní kí ẹ tún nǹkan kan ṣe."

Ó rẹ́rìn-ín. "Gbogbo wọn ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Kí lorúkọ òróró náà?"

"Kò lórúkọ. Òróró Ìyá Jàmíù ni wọ́n ń pè é."

"Ìyẹn tó. Ṣé kí n ya oòrùn sí i? Ìgbì òkun ńkọ́?"

"Igi àgbọn, Tíṣà. Igi àgbọn nìkan."

Adédìran ṣí àpótí rẹ̀. Agolo tàdáwà kan ló kù, aláwọ̀ ewé, kò sì kún. Láti ìgbà tí wọ́n ti ní kò sí owó ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n máa fi ra nǹkan wọ̀lú, pupa àti dúdú ti dàwátì. Ìwé funfun tó ní kò sì ju èyí tó máa gé sí igba lébẹ́ẹ̀lì lọ. Ó ní òun á wá bá a ní Àgbádárìgì ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀.

Ó mú àdéhùn ṣẹ. Ó gbé férémù rẹ̀ dání, ó sì ti tẹ gbogbo igba lébẹ́ẹ̀lì náà tán kí àkókò má baà lọ. Ẹ̀yìnkùlé ló ti bá Hùmúàní, òun àti Dosu, Ẹ̀gùn tó ń bá wọn gun igi àgbọn. Ó na lébẹ́ẹ̀lì kan sí i bí ẹni tó mọ̀ pé òun ṣe iṣẹ́ rere. Iṣẹ́ náà mọ́ lóòótọ́. Orúkọ wà nísàlẹ̀, igi wà lókè, igi náà sì dúró ṣánṣán.

Hùmúàní wò ó pẹ́.

"Tíṣà, igi kí ni èyí?"

"Igi àgbọn ni, ìyá."

Dosu na ọrùn wò ó láti ẹ̀yìn. "Háà. Ìyá Jàmíù, ẹ jẹ́ kí n lọ mú akèrègbè mi wá. Ẹmu á wà lórí èyí."

"Dosu, dákẹ́."

"Ẹ ní kí n dákẹ́ kẹ̀? Ọ̀pẹ ni. Ẹ wo ìdí màrìwò tó yọ ṣóńṣó lára rẹ̀ yìí. Ẹ wo ẹyìn tó so."

Adédìran fajú ro. Inú ọ̀pẹ ni wọ́n bí i sí. Àgbọn tó mọ̀, orí àtẹ ló ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tó jókòó láti ya igi, igi ilé bàbá rẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ yà. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ gbà.

"Àwòrán ni, kì í ṣe fọ́tò. Sójà wo ló máa dúró ka màrìwò?"

"Tíṣà, irọ́ ni sójà yẹn ń wá lọ́dọ̀ mi. Ẹ fẹ́ kí n fọwọ́ ara mi gbé e fún un."

"Ìwé ti tán. Tàdáwà kò ju ìsàlẹ̀ agolo lọ."

"Ẹ kálọ."

Hùmúàní mú un wọ ọkọ̀ ojú omi, Dosu wà wọ́n kọjá ọ̀sà sí òdìkejì, níbi tí oko àgbọn ilé Akíndé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkun. Adédìran dúró láàárín àwọn igi náà, ó ń wò wọ́n. Kò sí èyí tó dúró ṣánṣán nínú wọn. Gbogbo wọn ló tẹ̀ sí ọ̀nà òkun. Ara wọn dán, òrùka yí wọn ká láti ìdí dé òkè. Ó jókòó sórí iyanrìn, ó mú pẹ́ńsùlù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yà á. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó dìde, ó fọwọ́ kan ara igi.

"Kí ni èyí?"

Ojú àdá ni, ilà mẹ́ta tó dúró, ọ̀kan sì dábùú wọn.

"Àmì ilé Akíndé ni," ni Dosu wí. "Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀. Bí mo bá gun igi tó ní ilà méjì, olè ni mí."

Adédìran wo Hùmúàní. "Ìyá, àmì yín rèé. Kò yẹ kí ẹ ti wá mi wá rárá."

Hùmúàní mọ ohun tí kò jẹ́ kí òun lò ó. Ní ọdún tí ọkọ rẹ̀ kú, Bàbá Abdulrauf, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ti sọ ọ́ níwájú gbogbo ẹbí pé ó lè máa ká àgbọn, ṣùgbọ́n igi kì í ṣe tirẹ̀. Bó bá lọ tọrọ àmì náà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò ní kí ẹbí jókòó, ìjókòó náà kò sì ní í ṣẹlẹ̀ kí Sátidé tó kọjá.

"Ẹ fi sí i," ni ó wí.

"Ṣé kò sí wàhálà?"

"Wàhálà wà. Ẹ fi sí i."

Ẹ̀yìn lébẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ ni Adédìran tẹ tuntun náà sí, nítorí kò sí ìwé mìíràn. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti tẹ ọgọ́ta, tàdáwà sì tán pátápátá. Igi tó tẹ̀ ni, ilà mẹ́rin hàn lára rẹ̀. Wọ́n fi gọ́ọ̀mù gbáàgúdá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò mẹ́fà tó kù nílé.

Àárọ̀ Sátidé ni Hùmúàní tó rí ohun tí wọ́n ṣe. Ó gbé ìgò kan dání nínú ìmọ́lẹ̀, ó yí i padà, ó sì rí ọ̀pẹ. Òróró náà mọ́ bí omi. Ẹni tó bá wo ìgò láti ẹ̀yìn yóò rí inú lébẹ́ẹ̀lì, ọ̀pẹ Ọ̀yọ́ dúró ṣánṣán níbẹ̀. Gọ́ọ̀mù ti gbẹ. Ó kó ìgò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú agbọ̀n, ó sì lọ.

Sájẹ́ńtì gba ìgò, ó wo iwájú rẹ̀, ó wo ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yí i padà. Hùmúàní rí i tí ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Mámà, igi méjì ló wà nínú ìgò kan. Ọ̀kan ọ̀pẹ, ọ̀kan àgbọn. Èwo ni tiyín?"

"Èyí tó wà níwájú ni, ọ̀gá. Èyí tó wà lẹ́yìn, àṣìṣe ni. Ọmọ òkè ló yà á, kò rí igi àgbọn rí."

"Lánàá lẹ tẹ èyí."

"Lánàá ni. Ẹ̀yin lẹ ní kí n ní àmì."

Ọ̀kan nínú àwọn sójà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n sájẹ́ńtì kò rẹ́rìn-ín. "Ẹnikẹ́ni ló lè tẹ ìwé."

"Ẹ wo ilà tó wà lára igi yẹn. Ó wà lára igi mi. Kì í ṣe àná ni wọ́n gé e. Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó."

Bó ṣe sọ 'igi mi' tán ló gbọ́ ohun tó sọ.

Sájẹ́ńtì wo aago ọwọ́ rẹ̀. Kò tíì tó aago mẹ́sàn-án. Ó gbé sójà kan àti obìnrin náà sínú jíìpù, wọ́n kọjá Ibereko, wọ́n dé Àgbádárìgì, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi. Hùmúàní ń gbàdúrà kí oko dá páropáro. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n ń ká àgbọn ni. Dosu wà lórí igi, Bàbá Abdulrauf sì dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀.

Sájẹ́ńtì kò kí i. Ó gbé ìgò súnmọ́ ara igi, ó fi àtàńpàkò tọ ipasẹ̀ àdá náà, ilà lẹ́yìn ilà. Èèpo ti ràn mọ́ etí rẹ̀; ogbó rẹ̀ kò fara sin. Ó wá kọjú sí àgbàlagbà náà, ó na ìgò sí i.

"Bàbá, àmì ta ni èyí?"

Bàbá Abdulrauf gba ìgò. Ó rí igi, ó rí ilà, ó ka orúkọ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè wo ìyàwó àbúrò rẹ̀, ó sì wò ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Dosu fi ṣíwọ́ gígé lókè igi.

"Àmì ilé wa ni," ni ó wí.

"Ta ló ní kí obìnrin yìí fi sára ìgò?"

Òkun ń pariwo. Hùmúàní wo ilẹ̀.

"Èmi ni," ni Bàbá Abdulrauf wí. "Ìyàwó ilé wa ni. Inú oko yìí ló ti ń rí àgbọn tó fi ń ṣe òróró. Ṣé ó tún ku ìbéèrè?"

Kí oòrùn tó kan àtàrí, wọ́n ti gbé àpótí mẹ́wàá jáde fún Hùmúàní lábẹ́ páànù Morogbo. Kò béèrè méjì tó kù. Obìnrin Ojo rí òróró rẹ̀ gbà lọ́jọ́ náà.

Àwọn ẹbí jókòó ní Ọjọ́ Àìkú. Bàbá Abdulrauf kò gbóhùn sókè.

"Mo purọ́ fún sójà nítorí rẹ. Mi ò purọ́ rí níwájú igi yẹn. Àmì ilé, orúkọ ilé ló ń bá a rìn. Bóo bá fẹ́ kí ilà yẹn wà lára ìgò rẹ, Òróró Ilé Akíndé ni kó máa jẹ́. Bóo bá fẹ́ kó jẹ́ Ìyá Jàmíù, wá igi mìíràn."

Ní ọjọ́ kejì, Hùmúàní jókòó ti tábìlì Adédìran ní Ijanikin. Ó ti bá a wá agolo tàdáwà kan rí. Adédìran tẹ́ ìwé tuntun sílẹ̀, ó gé igi àgbọn náà, ó gé ilà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tó kan ìsàlẹ̀, ó gbé bíléèdì dúró.

"Ìyá, ṣé kí n yọ orúkọ yín lóòótọ́?"

Hùmúàní nàka sí igi tó gé.

"Ẹ yọ ọ́. Igi yẹn ni kí ẹ má fọwọ́ kàn."