Àkàbà Idẹ fún Ọkọ̀ Rélùwéè Bàbá Mi

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Ẹ ó ní èmi akáńtì, oníṣirò owó yìí, tún ti dé, ó fẹ́ pa irọ́ tó ní ìrù. Ẹ ṣáà jókòó. Ìyàwó mi wà níbẹ̀, ọ̀rẹ́ mi dókítà náà wà níbẹ̀, iwájú orí dókítà gan-an sì ni ẹ̀rí mi.

Mo rántí ọ̀sán Sátidé náà nínú fúláàtì wa ní Troyeville, ní òkèèrè tí a ń gbé, tí mo ti sọ tábìlì ìjẹun di ilé iṣẹ́. Bàbá mi, tó wa ọkọ̀ rélùwéè ní Òṣogbo títí ó fi fẹ̀yìn tì, ń bọ̀ wá kí wa fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọjọ́ kejì ni bàálù rẹ̀ máa balẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń to irú ọkọ̀ tó máa ń wà náà ní kékeré, èyí tí kò gùn tó apá mi. Ó ti parí, ó ku àkàbà tí awakọ̀ ń gùn wọlé. Inú abala idẹ kan tó fẹ́lẹ́ bí ìwé ni àkàbà ọ̀hún wà. Àwọn tó ṣe é ti gbẹ́ ẹ tán, ó ku kí n gé àwọn ìsopọ̀ tín-ín-rín tó dè é mọ́ etí idẹ náà. Ẹyọ kan ṣoṣo ni. Bí mo bá bà á jẹ́, ọkọ̀ tí Bàbá ò ní rí ibi gùn ni n ó gbé síwájú Bàbá.

Kí la ó wá fi gé e? Ìbéèrè yìí ló dá ilé rú.

Ìyàwó mi gbé ohun tó fi ń gé èékánná wá. "Dádì, ẹ lo èyí. Kò sí ohun tí kì í gé."

"Èékánná ẹsẹ̀ rẹ nìkan ló ń gé o, Mọ́mì."

"Ẹ gbọ́, èékánná tèmi le ju idẹ yín lọ!"

Mo ní ọgbọ́n kékeré kan: etí idẹ tí a máa jù nù ni mo fi ń dán gbogbo irinṣẹ́ wò. Ohun ìgékánná bù ú jẹ bí òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Dókítà, tó ti ibi iṣẹ́ ní Soweto yà wá kí wa, ní ká yẹ̀ fún òun. Ó yọ sísọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń gé okùn ojú ọgbẹ́. "Akáńtì, wo bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ abẹ." Ó gé e lóòótọ́, ṣùgbọ́n idẹ náà ká kò bí ìwo àgbò.

"Eish," ni Dókítà kẹ́dùn bí àwọn ará ìlú ibẹ̀ ṣe máa ń ṣe.

"Aláìsàn ti kú," ni mo fèsì.

Ni èmi náà bá fi ìgbéraga fa ọ̀bẹ kékeré mi yọ, èyí tí ẹnu rẹ̀ tẹ́jú bí ẹnu ọkọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lórí tábìlì. Pákó rì, idẹ bá a rì, ó tẹ̀ kọdọrọ. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ìgbà náà ló yé mi pé ọ̀bẹ ò jẹ̀bi, ilẹ̀ tó dúró lé ló rọ̀. Mo sáré mú àfọ́kù táìlì kan láti abẹ́ síńkì, mo gbé idẹ lé e, mo tẹ ọ̀bẹ sísàlẹ̀ ṣánṣán. Kẹ́! Ó gé, ó sì dúró gbọnrangandan. A hó yèè bí ẹni pé wọ́n gbá góòlù wọlé.

"Ẹ dúró ná," ni ìyàwó mi wí. Bó ṣe ṣe fún mọ́tò wa nìyẹn, bó ṣe ṣe fún kọ̀ǹpútà àwọn ọmọ: irinṣẹ́ tó máa ṣe ohun ńlá ò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láìgba àdúrà. Ó gbé òróró àdúrà wá, ó fi ra ọ̀bẹ, ó fi ra táìlì, ó fi ra iwájú orí wa. Àmín wa gbóná. Kò sí ẹni tó rántí pé òróró ń yọ̀.

Mo gé ìsopọ̀ kìíní, ó dára. Mo gé èkejì. Nígbà tí mo gé èyí tó kẹ́yìn, àkàbà yọ̀ lẹ́nu ẹ̀mú kékeré tí mo fi dì í mú, ó ta fìn-ín, a ò rí i mọ́.

Gbogbo wa bọ́ sílẹ̀ lórí eékún. "Ẹ má tẹ̀ ẹ́ o!" ni ìyàwó mi ń ké.

"Bóyá ó ti gba ojú fèrèsé jáde," ni Dókítà wí lábẹ́ tábìlì.

"Dókítà, jọ̀ọ́, pa ẹnu mọ́," ni mo bẹ̀ ẹ́.

Bí Dókítà ṣe yọ orí jáde báyìí, ìyàwó mi lọgun, "Jésù!" Àárín iwájú orí Dókítà, nínú òróró, ni àkàbà náà lẹ̀ mọ́, ó nà tààrà lọ sókè bí ẹni pé ẹnìkan fẹ́ gùn ún lọ sínú irun rẹ̀.

"Kí ló wà lórí mi? Ṣé aláǹgbá ni?"

"Má mira!" Mo fi ẹ̀mú ká a bí ẹni ká èso. Ojú ò ti ìyàwó mi rárá. Ó ní, "Ṣé ẹ rí i? Òróró náà ló dì í mú fún wa."

Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyè rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá wọlé, kò tíì jókòó tó fi rí ọkọ̀ náà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ṣóńṣó èékánná lé ìtẹ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lára àkàbà, lẹ́yìn náà èkejì, bí ẹni tó ń gùn ún. "Ẹsẹ̀ òsì ló máa ń ṣíwájú," ló wí jẹ́jẹ́. Ó bá na ọwọ́ sókè, ó fa okùn tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò rí, ó sì fi ẹnu fọn fèrè rélùwéè, "Fúúúùù!" tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn èèyàn ìsàlẹ̀ òpópónà gbójú sókè. Ohùn tí àwa ọmọ máa ń gbọ́ nílé ní Òṣogbo nìyẹn, tí Bàbá bá ti ibi iṣẹ́ dé, kí oúnjẹ alẹ́ tó délẹ̀. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, èmi tí irun mi ti ń funfun, mo ti fò sókè láàárín pálọ̀, mo ń ké bí ọmọ jéléósimi, "Bàbá ti dé! Bàbá ti dé!"