Màmá Mi Kágò ní Ìlú Awakùsà

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọ tó ń ká eyín, ẹ̀yin ọmọ mi, ìjọ wa ní Peckham kó wa sínú bọ́ọ̀sì, ó di orí òkè kan ní Wales. Ìlú àwọn awakùsà àtijọ́ la lọ wò. Iṣẹ́ ti tán níbẹ̀, ará ìlú sì ti kó lọ tipẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ fi gbogbo nǹkan sílẹ̀ bó ṣe wà: ìkòkò lórí ààrò, bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ife lórí tábìlì. Wọ́n ní ohun ìṣeré àwọn ọmọ awakùsà náà wà nínú ilé. Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ ìyẹn, oorun ò kùn mí mọ́.

Màmá mi ni kò jẹ́ kí n rí wọn. Ẹ ṣáà mọ̀ pé Yorùbá kì í wọlé onílé láìkágò. Bí àwọn ará ìjọ ṣe ń wọlé tí wọ́n ń jáde, màmá mi dúró síta, wọ́n di ọwọ́ mi mú ṣinṣin, wọ́n ń ké pé, "Àgò onílé o." Kò sẹ́ni tó dáhùn. A lọ sí ilé mìíràn, bákan náà ni.

Mo ní, "Mummy, nobody lives here."

Wọ́n ní, "Torí pé they're not in lo ṣe máa wọlé wọn? Is that how I trained you?"

Dírẹ́bà ti ń fọn fèrè, omijé ti lé ròrò sójú mi. Ní ilé tó kẹ́yìn, màmá mi tún kágò. Ohùn ọkùnrin kan bá jáde láti inú yàrá: "Come in, it's open."

Àṣé màmá mi náà mọ̀ pé kò sẹ́ni níbẹ̀. Wọ́n gbé mi kọ́ èjìká bí àpò gàrí, wọ́n fi eré gé e, wọ́n ń pe ẹ̀jẹ̀ Jésù títí a fi dé inú bọ́ọ̀sì. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ibẹ̀ ló kàn dáhùn. Ó sáré tẹ̀ lé wa láti ṣàlàyé, tòun ti ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ìyẹn ló sì wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ pátápátá. Mi ò rí ohun ìṣeré náà títí dòní, ó ṣì ń dùn mí.

Ayé ti yí. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá kọ́lé ló ń gbé inú rẹ̀. Gbogbo ọdún tí màmá mi fi ṣe night shift ní London, ilé ni wọ́n ń kọ́ sí Ìjẹ̀bú. Wọ́n kó àga sí i, wọn ò sì tíì tú ọ̀rá lára àga náà tí wọ́n fi kú. Lọ́dún tó kọjá, mo mú àwọn ọmọ-ọmọ mi lọ wò ó. Wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n ń rọra rìn kí wọ́n má baà fọwọ́ kan nǹkan. Èyí tó kéré jù bi mí pé, "Grandma, àwọn people tó live here, where did they go?"

Mo ní, "Wọn ò tíì dé."