Oníbodè Tí Mo Kí Dé Agbárí

Bẹ́ǹṣì tó wà níwájú kọ̀ǹpútà nílé wa ní Alákíá kò gbà ju ènìyàn méjì lọ. Bàbá ọkọ mi ló kàn án fúnra wọn kí wọ́n tó di olóògbé, kò sì sẹ́ni tó lè ní ká gbé e sọnù. Ọkọ mi a jókòó sí apá ọ̀tún, nítorí òun ló ń di máòsì mú. Àbúrò rẹ̀ obìnrin a jókòó sí apá òsì. Èmi a dúró lẹ́yìn wọn, màá fara ti firisa, màá máa fọwọ́ nu òógùn.

Mo jowú. Kí n má wulẹ̀ fi bò, mo jowú àbúrò ọkọ mi ní gbogbo ìgbà òjò yẹn débi pé bí mo bá ń ṣa ẹ̀wà, bí ẹni ń ṣa ọ̀tá ni.

Ilé ẹ̀kọ́ kan ní Adégbàyí ló gbà á síṣẹ́ olùkọ́, ló bá kó wá sọ́dọ̀ wa. Báàgì kan ló gbé wá, àti sídì kan tí ara rẹ̀ ti họ. Bí ọkọ mi ṣe rí sídì náà, ó pariwo bí ẹni rí ẹbí tó ti sọnù. Géèmù tí wọ́n jọ ń ṣe nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé ni, lórí kọ̀ǹpútà bàbá wọn. Wọn ò ṣe é parí rí.

Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ń gbé ní Àkànrán, ti kìlọ̀ fún mi lọ́jọ́ tí mo wọlé pé ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Nítorí náà, ọmọ tí mo fi ọdún púpọ̀ jù lọ yìí, ọkọ mi ni. Anti Mi ni mo ń pè é, “ẹ” ni mo sì fi ń bá a sọ̀rọ̀. Òun náà ń fi “ẹ” dá mi lóhùn nítorí ọjọ́ orí mi, ó sì ń pè mí ní Ìyàwó Wa. Bí àwa méjèèjì bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó máa ń pẹ́ kí ẹnì kankan tó wọlé.

Géèmù ọ̀hún kì í ṣe ti ìbọn, kì í sì í ṣe ti bọ́ọ̀lù. Ọmọ kan ló ń kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ oṣó, ó ṣèèṣì sọ ọ̀gá rẹ̀ di ewúrẹ́, ó wá ń fa ewúrẹ́ náà kiri ìlú tí kò sí lórí ilẹ̀ ayé, ó ń wá ẹni tí yóò bá a sọ ọ́ padà di ènìyàn. Gbogbo ibi tí wọ́n bá dé ni àdììtú wà. Òjò kọ̀, kò rọ̀, àfi ìgbà tí ẹnì kan dúpẹ́ lọ́wọ́ òjò àná. Àkàsọ̀ gígùn ni ọmọ náà ń kì sínú fìlà, tí àkàsọ̀ náà yóò sì wọ inú rẹ̀ tán. Ewúrẹ́ wá ń bú u ní gbogbo ọ̀nà, Gẹ̀ẹ́sì tó sì ń sọ ga ju ti àwọn tó ń ka ìròyìn lọ.

Ṣé ìyẹn ló yẹ kó pa àgbàlagbà lẹ́rìn-ín? Ọkọ mi tó jẹ́ pé bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, “ẹ kú ilé” àti “kí la máa jẹ” ló mọ̀, ó dẹni tó ń rẹ́rìn-ín tó ń ti imú bẹ̀rẹ̀, tó ń fi ikọ́ parí. Mi ò gbọ́ ẹ̀rín yẹn rí látìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ. Mo ní mo mọ gbogbo ohùn tó wà lára ọkùnrin yìí. Àṣé ó kó ọ̀kan pa mọ́ de àbúrò rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan mo bi í láti ìdí firisa pé kí ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín tó báyìí. Kò tilẹ̀ yíjú padà. Ó ní, “Tí mo bá sọ ọ́, kò ní dùn mọ́.” Mo wá jáde lọ síbi àwọn adìẹ mi. Adìẹ ni mo ń sìn lẹ́yìn ilé, ẹyin ni mo ń tà, mo sì mọ̀ pé òórùn wọn ń bá mi wọ pálọ̀. Anti Mi ń fín lọ́fínńdà ní tirẹ̀. Mo da oúnjẹ sílẹ̀ fún àwọn adìẹ lọ́jọ́ náà bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀.

Ibi tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ti há sí láti kékeré ni ẹnubodè ìlú kan. Oníbodè ibẹ̀ ò ní ẹran lára, eegun lásán ni, ó wọ aṣọ irin, ó jókòó dí ọ̀nà. Bí o bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ mélòó kan á jáde nísàlẹ̀ kí o mú èyí tí o fẹ́ sọ. O lè bú u. O lè tàn án. O lè bi í nípa kọ́kọ́rọ́. O sì lè kí i. Wọ́n ti bú u, wọ́n ti fún un ní ẹja gbígbẹ, wọ́n ti gbé àkàsọ̀ ti ògiri, kò gbà. Wọ́n sì ti búra láti kékeré pé ẹni tó bá lọ béèrè ìdáhùn lọ́wọ́ ẹlòmíràn ti jalè, nítorí náà wọn kì í wò ó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọkọ mi lọ kírun, Anti Mi wà nílé ìwẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mo tẹ oníbodè, mo sì wo ohun tí mo lè sọ. Èmi tí wọ́n tọ́ dáadáa, kí ni n bá mú bí kò ṣe ìkíni? Mo bi í bóyá ara le. Háà, bàbá bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ọmọ ìka ń ro ó. Gìgísẹ̀ ń ro ó. Bó bá sọ ọ̀kan, “pẹ̀lẹ́” á jáde nísàlẹ̀, pẹ̀lú “mo ń lọ.” Ta ló ń já àgbà jù sílẹ̀ nígbà tó ń ka àìsàn rẹ̀? Pẹ̀lẹ́ ni mo ń tẹ̀. A ti dé ikùn, tí eegun tí kò níkùn ń sọ fún mi pé inú ń run òun, kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe ọwọ́ nìkan ni mo fi ń kí i. Mo ń fi ẹnu sọ ọ́ jáde: “Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ẹ pẹ̀lẹ́.”

Ẹ̀yìn mi ni mo ti gbọ́ ẹ̀rín. Àwọn méjèèjì ti dúró síbẹ̀, Anti Mi ń fi táwẹ̀lì nu omijé. Ọkọ mi ní àwàdà àwọn tó ṣe géèmù ni, pé bàbá yẹn kì í dákẹ́, pé àwọn ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Ó gba máòsì, ó tẹ “mo ń lọ.” Mo dìde fún wọn. Látọjọ́ náà, bí mo bá ti ń kọjá ni wọ́n ń bi mí bóyá mo ti kí bàbá. Mo ń rẹ́rìn-ín sí wọn.

Ohun tó bá ń dunni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Mo wí, wí, wí fún àwọn adìẹ títí ó fi sú mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan, tí ọkọ mi wà níbi iṣẹ́, tí Anti Mi wà ní Adégbàyí, mo ṣa ẹyin tán, mo fọwọ́, mo sì lọ bá oníbodè. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kọjá. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà dópin, torí wọ́n já a gbà mọ́ ọn lẹ́nu lọ́jọ́sí.

Mo bá a láti ọmọ ìka ẹsẹ̀ dé orúnkún, láti orúnkún dé ìbàdí. A tún dé ikùn tí kò sí. A gun egungun ìhà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ òfuurufú kan fò kọjá lórí ilé, fèrèsé gbọ̀n, mo ṣì ń tẹ pẹ̀lẹ́. Ìgbà tí a dé agbárí, ó dákẹ́. Ó wá ní látọjọ́ tí òun ti jókòó síbẹ̀, kò sẹ́ni tó jẹ́ kí òun sọ ọ́ tán rí. Ó dìde, eegun rẹ̀ ń ró, ó ṣí ẹnubodè, ó ní kí ewúrẹ́ kọ́kọ́ wọlé nítorí ewúrẹ́ ló dàgbà ju ọmọ tó ń fà á lọ.

Mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi. Mo ti rí bí alẹ́ yóò ṣe rí: màá jókòó sí apá òsì, ọkọ mi á wà lápá ọ̀tún, Anti Mi á lọ fara ti firisa. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ìmí ẹnì kan lẹ́yìn mi. Anti Mi ni. Òjò ti wọ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wọn ní Adégbàyí, wọ́n ti tú àwọn ọmọ ká. Ó dúró sí ìdí firisa gan-an, aṣọ rẹ̀ tutù, ojú rẹ̀ wà lára ẹnubodè tó ṣí sílẹ̀.

Ó ní, “Ìyàwó Wa, báwo lẹ ṣe ṣe é?”

Inú mi dùn gan-an. Mo jẹ́ kó dúró díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n kò sọ pé kí n dìde, kò sì nawọ́ sí máòsì. Ó ń wò mí bí ọmọ tó ń retí kí wọ́n bu ẹran fún òun. Mo ní, “Mo kí i ni, Anti Mi. Ẹ wá jókòó.” Mo sún sí apá ọ̀tún.

A jọ wọlé. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn ẹnubodè ni ìyàwó oníbodè, eegun bíi tirẹ̀, ó so gèlè. Ohun tó kọ́kọ́ bi wá ni bóyá ọkọ òun ti sọ ti ikùn fún wa. Anti Mi pariwo, ó dì mọ́ mi, ẹ̀rín gbé wa ṣubú lé tábìlì. Nígbà tí ìyàwó yẹn wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àìsàn tirẹ̀, láti agbárí wá sí ìsàlẹ̀, mi ò lè mí mọ́. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín ara mi, ikọ́ ló fi ń parí.

Ọkọ mi wọlé pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́. Ó kí wa, a ò gbọ́. Ó ní, “Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín?”

Mi ò yíjú padà. Mo ní, “Tí a bá sọ ọ́, kò ní dùn mọ́.”

Ó sún mọ́ wa, ó wo kọ̀ǹpútà. Ó rọra sọ ọ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀: “Ẹ ti kọjá oníbodè. Ẹ ò sì dúró dè mí.”

Anti Mi fẹ́ dìde fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní kó jókòó, kí á gbọ́ ti ìyá yìí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Mo wá fẹ̀gbẹ́ ojú wo ọkọ mi. Mo mọ ojú tó fi ń wò wá yẹn dáadáa, èmi ni mo ti ń lò ó láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n mi ò dìde. Ó gbé búrẹ́dì lé orí firisa, ó sì fara tì í.