Èdè Dutch tí Mo Kọ́ Nídìí Sínkì

Mo rántí òórùn ọṣẹ tó máa ń wà lọ́wọ́ mi nígbà tí mò ń kọ́ èdè Dutch nídìí sínkì Aunty, ní Stockbridge. Àbúrò ìyá mi ni Aunty, nọ́ọ̀sì ni wọ́n. Àwọn ni wọ́n gbà mí sílé nígbà tí mo dé Amẹ́ríkà, èmi ni mo sì ń tọ́jú ọmọ wọn obìnrin tí wọ́n bá ti lọ sí ibi iṣẹ́. Ilé náà tóbi, ó rẹwà, ṣùgbọ́n n kò ní mọ́tò, kò sì síbi tí ẹsẹ̀ lè gbé ènìyàn dé ní àdúgbò yẹn. Ọkọ mi wà ní Rotterdam, níbi tí wọ́n ti ń sọ Dutch. Tí n kò bá yege nínú ìdánwò èdè ibẹ̀, ìjọba wọn kò ní jẹ́ kí n lọ bá a.

Mo ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan, nítorí àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe wọn tó ń pín sí méjì. Ẹni tó bá fẹ́ pe ènìyàn lórí fóònù, *opbellen* ni ọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú gbólóhùn, *op* á sá lọ sí ìparí: *Ik bel mijn moeder op*, mò ń pe ìyá mi. Ó yẹ kó rọrùn fún mi, torí àwa náà máa ń sọ pé ọmọ ba aṣọ jẹ́, a kì í sọ pé ọmọ bàjẹ́ aṣọ. Ṣùgbọ́n tí jìnnìjìnnì bá ti mú mi, màá gbàgbé *op* sẹ́nu.

Ìdánwò gan-an kọ́ ló le fún mi jù. Aunty ti sọ pé ọkọ mi ló yẹ kó wá bá mi ní Amẹ́ríkà, mo sì ti dáhùn pé, "Ẹ ṣé, mà." Ta ló máa wo ojú àgbà tó gbà á sílé, kó ní òun fẹ́ lọ? Àgbà mìíràn la máa ń bẹ̀ kó báni sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo bẹ ìyá mi, wọ́n ní kí n má dá wàhálà sílẹ̀ láàárín àwọn àti àbúrò wọn. Ni mo bá di akọni nídìí sínkì. Tí mo bá ti ń fọ abọ́, màá máa kọ ọ́ lórin: *Ik ga weg*, mò ń lọ. *Weg* náà ń sá lọ sí ìparí bíi *op*, ṣùgbọ́n kò ṣì mí lẹ́nu rí.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, à ń jẹun, ni ọmọ náà, tí kò lè sọ "Ẹ káàárọ̀" kó já gaara, bá fi ṣíbí lu tábìlì: "Ik ga weg! Ik ga weg!"

Aunty rẹ́rìn-ín. "Which one be that?"

"Orin Aunty," ni ọmọ náà wí, ó nawọ́ sí mi. "When she's washing plates."

Aunty yíjú sí mi. "Kí ló túmọ̀ sí?"

Mo kúnlẹ̀. "Èdè Dutch ni, mà. Mò ń lọ ló túmọ̀ sí."

Aunty gbé ṣíbí wọn kalẹ̀. "Ta ló máa wà pẹ̀lú ọmọ yìí tí mo bá wà ní shift?" Wọ́n nu ẹnu ọmọ wọn. "Dìde. Ọkọ ẹ náà ti dá wà tó. Ṣùgbọ́n èmi ló yẹ kó o sọ fún, kì í ṣe sínkì."

Láti ìgbà náà, nínú mọ́tò tí a bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ni wọ́n ń dán mi wò. Màá ní, "Ik bel u," ìyẹn ni pé mò ń pè yín, màá dánu dúró díẹ̀, wọ́n á sì bá mi parí rẹ̀: "Op!"

Mo yege. Rotterdam ni mo ti ń kọ èyí. Ní ọjọ́ Àìkú, tí mo bá pè wọ́n, n kì í tíì kí wọn tí màá ti sọ pé, "Ik bel u," màá sì dúró. Kíá ni wọ́n máa ń dáhùn tẹ́lẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó pẹ́. Mò ń gbọ́ omi tó ń ṣàn nínú sínkì. Wọ́n ní ilé náà ti fẹ̀ jù. Àárò wọn ń sọ mí gan-an. Mo dúró, títí wọ́n fi sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́: "Op."